Ilé Orí Ilẹ̀ Onílẹ̀

Ní ilẹ̀ Yorùbá láyé àtijọ́, bí àlejò bá wọ ìlú tí ó sì ń wá ibi tí yóò fi dá oko, kì í ṣe owó ni yóò kọ́kọ́ gbé dání. Obì àti ọtí ni yóò gbé lọ sí ọ̀dọ̀ baálé tí ó ni ilẹ̀, yóò sì tọrọ. Bí wọ́n bá yọ̀ǹda fún un, yóò máa mú ìṣákọ́lẹ̀ wá lọ́dọọdún, ìbáà ṣe iṣu díẹ̀, ìbáà ṣe àgbàdo, ìbáà ṣe ohun mìíràn tí wọ́n jọ fi ẹnu kò sí. Ìṣákọ́lẹ̀ náà kì í tó owó ilẹ̀. Ẹ̀rí ni pé ẹni tí ń roko náà mọ̀ pé ilẹ̀ ní ẹni tí ó ni ín. Àlejò yìí lè gbin iṣu àti ẹ̀gẹ́ bí ó ti wù ú, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ gbin obì tàbí kòkó láìgba àṣẹ, nítorí pé igi tí ó lè pẹ́ láyé ju ẹni tí ó gbìn ín lọ, ọ̀rọ̀ rẹ̀ yàtọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àṣà náà de onílẹ̀ pàápàá. Níwọ̀n ìgbà tí àlejò kò bá ti sẹ́ onílẹ̀, tí kò sì hu ìwà ọ̀dàlẹ̀, onílẹ̀ kò lè ṣàdédé jí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan kí ó ní kí ó palẹ̀ mọ́. Ọmọ àlejò a máa roko náà lẹ́yìn baba rẹ̀, ọmọ-ọmọ rẹ̀ a sì máa ro ó pẹ̀lú.

Àwọn tí ó dá àṣà yìí sílẹ̀ ti rí ohun kan tí ọ̀pọ̀ òfin òde òní ṣì ń táràrà lé kiri. Wọ́n rí i pé ohun méjì tí olúwa wọn kì í ṣe ẹnì kan náà lè jókòó lé ara wọn, kí èyí tí ó wà lókè má sì lè dá dúró láìsí èyí tí ó wà nísàlẹ̀. Òwe sọ pé ẹni tí ó ni ẹrú ni ó ni ẹrù. Ṣùgbọ́n àṣà ìṣákọ́lẹ̀ kò gbà pé ẹni tí ó ni ilẹ̀ ni ó ni iṣu. Ìbéèrè tí ó wá ṣẹ́kù ni èyí: kí ni ẹni tí ó ni ìpìlẹ̀ jẹ ẹni tí ó ti kọ́lé sórí rẹ̀? Ìbéèrè àgbà ni. Ó sì ti tún padà wá láyé òde òní nínú aṣọ tí àwọn ará ìjelòó kò lè dá mọ̀, èyíinì ni ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ńlá àti ètò tí ń darí rẹ̀. Kí a tó dé ìdí ẹ̀rọ, ó yẹ kí a kọ́kọ́ ya Tishigu.

Tishigu jẹ́ àdúgbò kan ní Tamale, olú-ìlú apá àríwá orílẹ̀-èdè Gánà, ní ilẹ̀ àwọn Dagomba. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sọ Tamale di ibùjókòó wọn ní àríwá. Ojú irin kò dé ibẹ̀ láti ìhà gúúsù, nítorí Kumasi ni ó parí sí. Ẹsẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń rìn, lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ akẹ́rù dé. Bí ìlú náà ti ń gbòòrò ni àwọn ọmọ Yorùbá ń ya wọ̀ ọ́, láti Ògbómọ̀ṣọ́, láti Ìlọrin àti Ọ̀fà, láti Ṣakí àti Ìgbòho, láti Èjìgbò àti Ìnísà. Wọ́n ń ta aṣọ, àwo, ẹ̀yà ara kẹ̀kẹ́ àti gbogbo ohun wọ́ńrán-wọ́nràn tí ó ń ti òkè òkun wá, títí tí ó fi jẹ́ pé apá tí ó pọ̀ nínú ìsọ̀ ọjà Tamale bọ́ sí ọwọ́ wọn. Nígbà tí Gánà ka àwọn ènìyàn rẹ̀ ní 1960, àwọn Yorùbá tí ó wà ní orílẹ̀-èdè náà tó nǹkan bí 100,000. Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan, J. S. Eades, ṣe ìwádìí láàárín àwọn tí ó wà ní àríwá, ìwé tí ó sì kọ nípa wọn, tí ó pè ní Strangers and Traders, jáde ní 1993. Olùkọ́ tí ó bá ní ànfààní àtirí ìwé náà kà yóò rí i bí ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú igbá kékeré lórí ṣe ń di onísọ̀ díẹ̀díẹ̀.

Kí a fi ojú inú wo ọ̀kan nínú irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe ẹnì kan pàtó, àpẹẹrẹ ni. Ọmọ Ìgbòho ni. Ó dé Tamale ní ọmọ ogún ọdún. Ó kiri ọjà fún ọdún mẹ́wàá. Ó gba ìsọ̀. Ó sì fi ọdún mẹ́wàá mìíràn kọ́ ilé kan sí Tishigu, yàrá kan lẹ́yìn èkejì, bí owó ti ń wọlé. Ó ń san owó orí. Ó ń san owó ìsọ̀. Ó gbọ́ èdè Dagbani dáadáa, àwọn ọmọ rẹ̀ sì gbọ́ ọ jù ú lọ. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá, 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé àjèjì tí kò bá ní ìwé àṣẹ ìgbélùú gbọ́dọ̀ gbà á láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ó fi ilẹ̀ náà sílẹ̀. Ṣé àwọn tí ó ti gbé ibẹ̀ fún ogójì ọdún rántí pé àwọn nílò ìwé? Ilé kò ṣeé dì lẹ́rù. Ọjà tí ó wà nínú ìsọ̀ di ohun tí wọ́n ń tà ní ìdajì owó tàbí tí kò tó bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìdílé ni ó padà sí ìlú tí àwọn ọmọ wọn kò rí rí.

Ẹnu kò sì gbà wá láti fi èyí bú Gánà. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìn-ín-ní, 1983, ìjọba Nàìjíríà pàṣẹ tirẹ̀, ọjọ́ mẹ́rìnlá náà ni òun pẹ̀lú fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé, àwọn tí ó sì pọ̀ jùlọ nínú àwọn tí àṣẹ náà lé lọ jẹ́ ọmọ Gánà. Olùkọ́ wà nínú wọn lọ́pọ̀lọpọ̀. Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ girama ní ilẹ̀ Yorùbá nígbà náà ni ó ṣàdédé rí i pé kò sí ẹni tí yóò kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò mọ́. Báàgì aláwọ̀ mèremère tí wọ́n di ẹrù sí ṣì ń jẹ́ orúkọ ọjọ́ náà títí di òní.

Àwọn ìjọba méjèèjì ní ẹ̀tọ́ lábẹ́ òfin. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ṣòro gan-an nìyí. Bí wọn kò bá ní ẹ̀tọ́ rárá ni, kì bá tí sí ohun kan láti rò. À bá kàn pè é ní ìfipágbà, kí a sì kọjá lọ. Ohun tí ń gún ọkàn ni pé ènìyàn lè ní ẹ̀tọ́ sí ìpìlẹ̀ kí ó sì ṣe àìdára sí ẹni tí ó wà lórí rẹ̀.

Ó yẹ kí a wá wo ẹ̀rọ. Kọ̀ǹpútà ńlá, irú èyí tí ilé ìfowópamọ́ àti ìjọba ń lò láti dá ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà, ní ìpele mẹ́ta. Ìpele ìsàlẹ̀ ni irin àti wáyà. Lórí rẹ̀ ni ètò adarí wà: òun ni ó ń pín iṣẹ́, tí ó ń ṣọ́ ibi ìpamọ́, tí ó ń sọ ẹni tí ó kàn. Lórí ètò adarí ni púrógíráàmù wà, èyí tí ẹni tí ó ra ẹ̀rọ kọ fún iṣẹ́ ara rẹ̀: owó oṣù, owó ìfẹ̀yìntì, àkáǹtì àwọn oníbàárà. Ẹni tí ó ṣe ẹ̀rọ ni ó ni ìpele méjì ìsàlẹ̀. Ẹni tí ó rà á ni ó ni ti òkè, ó sì lè jẹ́ pé òun ni ó ná an ní owó àti àkókò tí ó pọ̀ jùlọ. Ilẹ̀ àti iṣu nìyẹn.

Ṣáájú 1964, ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní irú iṣu tirẹ̀. Ilé-iṣẹ́ IBM ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí ó tóbi jù nínú òwò náà, ń ṣe kọ̀ǹpútà oríṣiríṣi tí kò gbọ́ èdè ara wọn. Ẹni tí ó kọ púrógíráàmù rẹ̀ fún ẹ̀rọ 1401, bí iṣẹ́ rẹ̀ bá pọ̀ sí i tí ó sì fẹ́ gba 7090 tí ó tóbi jù, ó di dandan kí ó tún gbogbo rẹ̀ kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìdàgbàsókè di ìjìyà. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹrin, 1964, ilé-iṣẹ́ náà kéde System/360: oríṣi mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan náà, kékeré títí dé ńlá, tí gbogbo wọn ń gba àṣẹ kan náà. Wọ́n ní nǹkan bí bílíọ̀nù márùn-ún dọ́là ni ó bá iṣẹ́ náà lọ, ètò adarí rẹ̀ sì pẹ́ ju ọjọ́ tí wọ́n dá lọ dáadáa. Fred Brooks, tí ó ṣe alábòójútó rẹ̀, kọ ìwé kan ní 1975 nípa ohun tí ojú wọn rí. Òun pẹ̀lú Gene Amdahl àti Gerrit Blaauw ni wọ́n ṣàlàyé ohun tí wọ́n pè ní ìlànà ìkọ́lé ẹ̀rọ, ìtumọ̀ tí wọ́n sì fún un yẹ fún ìrònú olùkọ́. Wọ́n ní ìlànà náà ni ohun tí ẹni tí ń kọ púrógíráàmù lè rí tí ó sì lè gbójú lé. Bí a ṣe fi irin àti wáyà mú un ṣẹ, ìyẹn yàtọ̀. Ó lè yí padà lọ́dọọdún. Ní ọ̀rọ̀ mìíràn, wọ́n ya ìlérí sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀nà tí a óò fi mú ìlérí ṣẹ.

Kì í ṣe ìwà rere nìkan ni ó bí ìlérí yìí. Ní oṣù kejìlá, 1963, ilé-iṣẹ́ Honeywell ti gbé ẹ̀rọ kan jáde tí ó lè gba púrógíráàmù àwọn tí ń lo 1401, oníbàárà sì ti ń wo ẹ̀gbẹ́. Ọgbọ́n àti ìbẹ̀rù ni wọ́n jọ gbé ọmọ náà pọ̀n. Síbẹ̀ IBM kò fi àwọn ará 1401 sílẹ̀ sójú títì. Wọ́n fi ohun kan sínú àwọn kékeré nínú ẹ̀rọ tuntun náà tí ó ń mú kí wọ́n lè ṣe bí 1401 nígbà tí a bá fẹ́. Ilẹ̀ Yorùbá kò jìnnà sí gbogbo èyí. Ní 1963 ni IBM dá ibùdó ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn, ní àkókò tí wọ́n ń ṣe ìṣirò iye ènìyàn Nàìjíríà.

Ìlérí kì í ṣòro ní ọjọ́ tí a ṣe é. Iye tí yóò náni ni a kì í tètè mọ̀. Ní System/360, ẹ̀rọ máa ń fi àmì 24 sọ ibi tí ohun kan wà nínú ìrántí rẹ̀, àmì kọ̀ọ̀kan jẹ́ òdo tàbí ọ̀kan, bíìtì ni wọ́n ń pè é. Bíìtì 24 lè dárúkọ ibi 16,777,216, èyí tí ó dàbí òkun nígbà náà. Ṣùgbọ́n àpótí tí wọ́n ń kọ àdírẹ́sì náà sí gba bíìtì 32. Mẹ́jọ ṣẹ́kù lófo, ìwé ìlànà sì sọ pé ẹ̀rọ kò ní wò wọ́n. Àwọn tí ń kọ púrógíráàmù, tí àyè há mọ́, bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohun ìní wọn pamọ́ sí igun mẹ́jọ yìí, bí ayálégbé tí ó rí ẹ̀yìnkùlé onílé tí kò sí ẹni tí ń lò ó, tí ó sì kó adìẹ síbẹ̀.

Nígbà tí ó di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, òkun ti gbẹ. Ó yẹ kí wọ́n ṣí gbogbo bíìtì 32 sílẹ̀. Wọn kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, adìẹ àwọn ènìyàn ti kún ibẹ̀. Wọ́n mú 31, wọ́n sì fi ọ̀kan tí ó kù ṣe àmì láti fi mọ̀ bóyá púrógíráàmù àtijọ́ ni ó ń sọ̀rọ̀ tàbí tuntun. Nítorí bíìtì kan yìí, ìdajì ìrántí tí wọn ì bá ní ni wọ́n pàdánù, àjàgà náà sì wà lọ́rùn wọn fún nǹkan bí ogún ọdún, títí di 2000 tí wọ́n fi lọ sí bíìtì 64. Nínú ẹ̀rọ tuntun ti 2000 náà pàápàá, 24 àti 31 ṣì wà níbẹ̀. Ìran rẹ̀ tí ó jáde ní 2025, tí ń jẹ́ z17, ṣì jẹ́ ọmọ ìdílé kan náà, púrógíráàmù tí a kọ ní àwọn ọdún 1960 sì lè rí ibi jókòó sí nínú rẹ̀.

Ṣé ó tọ́ kí onílé máa bọ̀wọ̀ fún adìẹ tí kò fún ẹnikẹ́ni láṣẹ láti sìn? Àwọn kan yóò wí pé rárá, pé ẹni tí ó kó ẹrù sí ibi tí kì í ṣe tirẹ̀ ni kí ó jìyà rẹ̀. Èrò náà kò jinlẹ̀ tó. Ẹni tí ó bá wí ní gbangba pé òun kò ní wo igun kan ti fi igun náà sílẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sọ pé òun fi tọrẹ. Ohun tí ó mú kí ènìyàn jẹ gbèsè kì í ṣe ohun tí ó ti ẹnu rẹ̀ jáde nìkan, bí kò ṣe ohun tí ó jẹ́ kí ẹlòmíràn gbé ìgbésí ayé rẹ̀ lé. Nínú èyí ni ọ̀rọ̀ ọmọ Ìgbòho wa ti wọlé. Kò sí ẹni tí ó kọ ìwé pè é wá sí Tamale. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ó gbé e dé. Ṣùgbọ́n wọ́n gba owó orí lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n gba owó ìsọ̀, wọ́n rí i nígbà tí ó ń yọ búlọ́ọ̀kù, wọn kò sì sọ pé má kọ́ ọ. Ẹni tí ó gba ìṣákọ́lẹ̀ fún ogún ọdún ti pe ni wá, ìbáà jẹ́ pé kò la ẹnu.

Apá kejì wà nínú ọ̀rọ̀ náà tí kò yẹ kí a fi bò. Ìpìlẹ̀ tí kì í mì a máa jẹ́ kí onílé sùn. Nígbà tí ìrántí ẹ̀rọ wọ́n bí ojú, àwọn tí ń kọ púrógíráàmù fi nọ́ńbà méjì péré kọ ọdún: 65 dúró fún 1965. Wọ́n rò pé kí 2000 tó dé, ohun tí àwọn kọ yóò ti di ìdọ̀tí. Kò di ìdọ̀tí, nítorí pé ilé-iṣẹ́ pa ìlérí mọ́. Àṣìṣe náà gbé ayé pẹ̀lú iṣẹ́ rere, abẹ́ òrùlé kan náà ni wọ́n jọ gbó sí, ó sì di ohun tí gbogbo àgbáyé ń sáré sí ní òpin àwọn ọdún 1990, pẹ̀lú owó rẹpẹtẹ. Àwọn àgbà sọ pé bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni ó mú kí babaláwo máa dÍfá ní ọrọọrún. Babaláwo kò sọ pé nítorí Ifá kì í yí padà, òun kò ní dÍfá mọ́. Àwọn tí ó kọ́lé sórí ilẹ̀ tí kò mì ni kò yẹ òrùlé wò. Ẹ̀bi náà kò sí lọ́rùn ilẹ̀.

Ohun tí ó tún burú ju ìyẹn lọ ni pé ìdúróṣinṣin lè di okùn. Ẹni tí ó ti kọ púrógíráàmù fún ogójì ọdún sórí ẹ̀rọ kan kò lè kó kúrò níbẹ̀ mọ́ láìfọ́ ara rẹ̀, ẹni tí ó ni ẹ̀rọ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Owó tí ilé ìfowópamọ́ ńlá ń san lóṣooṣù nítorí ètò adarí àti àwọn ohun tí ó bá a rìn kì í ṣe kékeré. Onílẹ̀ tí kì í lé ni, ṣùgbọ́n tí ó ń fi kún ìṣákọ́lẹ̀ bí ó ti ń rí i pé ẹsẹ̀ ẹni ti wọlẹ̀, ṣé olóòótọ́ ni tàbí ọlọ́gbọ́n lásán? Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ méjèèjì, kò sì yẹ kí a fi ọ̀kan pa èkejì rẹ́. Àṣà àtijọ́ mọ èyí pẹ̀lú: ìṣákọ́lẹ̀ jẹ́ ẹ̀rí, nígbà tí ó bá di èrè, ó ti di ohun mìíràn tí ó yẹ kí a wá orúkọ fún.

Àwọn kan sì wà tí kò tilẹ̀ dúró rárá. Ilé-iṣẹ́ RCA, tí ó ṣe ẹ̀rọ Spectra 70 láti lè bá System/360 dọ́gba, kéde ní oṣù kẹsàn-án, 1971 pé òun jáwọ́ nínú òwò kọ̀ǹpútà. Àwọn tí ó ti ra ẹ̀rọ náà kà á bí gbogbo ayé ṣe kà á. Ohun tí ó gbà wọ́n ni pé Sperry Rand, tí ó ni ilé-iṣẹ́ Univac, gba àwọn oníbàárà náà, ó sì ń bá wọn tọ́jú ohun tí wọ́n ní. Ẹni tí ó fẹ́ lọ lè lọ. Ohun tí a ó bi í ni ẹni tí ó fi ilẹ̀ lé lọ́wọ́.

Nípa ti ẹni tí ó fi ohun rẹ̀ ṣe ọ̀fẹ́ ńkọ́? Ìbéèrè yìí le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ètò adarí kan wà tí ń jẹ́ CentOS, tí ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ àti ilé-iṣẹ́ kékeré káàkiri àgbáyé fi ń darí àwọn kọ̀ǹpútà tí ń dá ìyókù lóhùn, láìsan kọ́bọ̀. Nígbà tí ìran rẹ̀ kẹjọ jáde ní 2019, ohun tí àwọn tí ń lò ó gbójú lé ni pé ìtọ́jú rẹ̀ yóò dé 2029. Ní oṣù kejìlá, 2020, ilé-iṣẹ́ Red Hat tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ kéde pé ìparí 2021 ni yóò parí. Àwọn kan wí pé ẹni tí kò san owó kò ní ẹnu ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n onílẹ̀ tí ó ní kí ènìyàn wá dáko lọ́fẹ̀ẹ́ fún ọdún mẹ́wàá, tí ó sì lé e ní ọdún kejì, kò lè wí pé nítorí pé òun kò gba iṣu, òun kò jẹ gbèsè. Oko tí ènìyàn ro, agbára ara rẹ̀ ni ó fi ro ó. Iyì kan wà nínú ọ̀rọ̀ náà síbẹ̀: nítorí pé gbogbo ohun tí wọ́n fi kọ́ CentOS wà ní gbangba, àwọn ẹlòmíràn kó o jọ, wọ́n sì gbé AlmaLinux àti Rocky Linux dìde ní 2021. A lé àwọn ènìyàn, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn kejì kò ní àgádágodo.

Lórí àwọn kọ̀ǹpútà kékeré, ọ̀rọ̀ náà dé inú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́. Microsoft gbé Windows XP jáde ní 2001, ó sì dáwọ́ ìtọ́jú rẹ̀ dúró ní ọjọ́ 8 oṣù kẹrin, 2014. Ọ̀pọ̀ ọdún ṣáájú ni ó ti dá ọjọ́ náà. Windows 10 dé ní 2015, ọjọ́ rẹ̀ sì pé ní 14 oṣù kẹwàá, 2025. Kò sí ẹni tí ó lè wí pé wọn kò kéde. Ṣùgbọ́n èyí tí ó tẹ̀lé e béèrè ohun kan tí púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ tí a ṣe ṣáájú nǹkan bí 2018 kò ní. Bí ilé-ìwé kan ní Tishigu bá gba kọ̀ǹpútà ogún ní ẹ̀bùn, tí àwọn ará òkè òkun ti lò wọ́n kí wọ́n tó kó wọn ránṣẹ́, ọdún mẹ́wàá tí Microsoft fún gbogbo ayé kò dé ọ̀dọ̀ wọn ní odindi. Ó lè jẹ́ ọdún méjì ni ó dé ibẹ̀. Irin ṣì le. Àwọn ọmọ ṣì ń tẹ̀ ẹ́. Ìlẹ̀kùn ni kò ní olùṣọ́ mọ́, ẹni tí ó bá so irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì yóò máa so ó pẹ̀lú ewu tí ń pọ̀ sí i lóṣooṣù.

Ohun tí ọjọ́ gígùn fi ń tan ni jẹ nìyí. Ọjọ́ kan náà kì í gùn bákan náà fún gbogbo ènìyàn. Ọjọ́ mẹ́rìnlá ti 1969 tó fún ẹni tí kò ní ju àpótí kan lọ. Kò tó rárá fún ẹni tí ó fi ogún ọdún kọ́lé. Ọdún mẹ́wàá tó fún ilé-iṣẹ́ tí ń ra ẹ̀rọ tuntun ní ọdún mẹ́ta-mẹ́ta. Ó kéré fún ilé-ìwé tí ń gba ohun tí ilé-iṣẹ́ náà lò kù. Ẹni tí ń dá ọjọ́ máa ń fi ìṣísẹ̀ ara rẹ̀ wọn ọ̀nà. Bí ìdájọ́ òdodo yóò bá wà nínú rẹ̀, ẹsẹ̀ ẹni tí ń ru ẹrù ni ó yẹ kí a fi wọ̀n ọ́n, àti pé kí a wo bóyá ẹrù náà ṣeé gbé kúrò rárá.

Ní ilẹ̀ Íńdíà, ìjọba àti IBM kò rí ọ̀rọ̀ bá ara wọn sọ lórí ẹni tí yóò ni ìpín tí ó pọ̀ jù nínú òwò náà, ilé-iṣẹ́ náà sì kó kúrò ní 1978. Ó fi ẹ̀rọ sílẹ̀ ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ibi, tí ilé ìfowópamọ́ àti ilé-iṣẹ́ ń lò. Àwọn ẹ̀rọ náà kò kú. Ilé-iṣẹ́ ìjọba kan, CMC, tí wọ́n ti dá sílẹ̀ ṣáájú, gba ìtọ́jú wọn. Àwọn ọmọ ilẹ̀ náà, tí díẹ̀ nínú wọn ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ IBM rí, sì ń bá wọn tún wọn ṣe fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ohun tí ó mú kí èyí ṣeé ṣe ni pé ìmọ̀ ti wà lọ́wọ́ àwọn tí ó ń gbé inú ilé kí onílẹ̀ tó dìde.

Olùkọ́ kan ní abúlé Sekyedomase ní ilẹ̀ Aṣante di ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ ní 2018, nítorí pé kò ní kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo tí yóò fi kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà tí ìdánwò ìjọba yóò bi wọ́n. Ó fi ẹfun aláwọ̀ oríṣiríṣi ya ojú Microsoft Word sára pátákó, láìfi bọ́tìnnì kan sílẹ̀. Ẹ̀bùn kọ̀ǹpútà dé lẹ́yìn ìgbà tí àwòrán náà tàn kálẹ̀. Ọjọ́ tí ètò adarí inú irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀ yóò parí ti wà nínú ìwé àwọn tí ó ṣe é kí ó tó kúrò lọ́wọ́ wọn. Ó yẹ kí ẹni tí ń fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ tọrẹ kọ ọjọ́ náà sára rẹ̀ ní ibi tí olùkọ́ yóò ti rí i, kí ó sì fi ètò adarí tí ó ṣí sílẹ̀ kan kún un, pẹ̀lú ẹni tí yóò kọ́ wọn bí a ti ń fi í sínú ẹ̀rọ.